Igbó Oparun Lórí Tábìlì Oúnjẹ

Tábìlì oúnjẹ ilé mi gba ènìyàn mẹ́fà. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì wà nílé, ó máa ń kún débi pé a óò fi àpótí kún àga. Nígbà tí wọ́n lọ tán, èmi àti ìyá wọn ń jókòó sí igun kan rẹ̀, à ń na ọwọ́ gba iyọ̀ lọ́wọ́ ara wa. Lẹ́yìn tí òun náà lọ, tí àwọn tí ó wá bá mi kẹ́dùn sì ti padà sílé wọn, n kò jẹun níbẹ̀ mọ́. Kíṣìnnì ni mo ti ń jẹun, lórí àpótí tí ìyàwó mi máa ń jókòó lé nígbà tí ó bá ń ṣa ẹ̀wà, mo sì máa ń fọ àwo mi kí ó tó gbẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igbó sórí tábìlì yẹn, kò sí ẹni tí mo dí lọ́wọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Kánádà ni ó fi ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rán ẹnìkan tí ó ń bọ̀ wálé. Páálí pẹlẹbẹ kan ni, àwòrán àwọn sójà nínú igbó sì wà lára rẹ̀. Mo rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Mo pè é lórí fóònù pé ẹrù ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún mi.

"Rárá, Dádì, tiyín ni," ó ní. "Ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ mi ló máa ń tò ó. Ó ní ó máa ń mú ọkàn òun kúrò nínú nǹkan."

"Nínú kí ni?"

"Nínú nǹkan náà ni, Dádì."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wà níbẹ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, títí òjò fi dá.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ni ó mú mi gbé e sọ̀kalẹ̀. Àwọn ni àkọ́bí bàbá wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí ó wà láàárín wa ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n pọ̀n mí, àwọn ni wọ́n mú mi lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kò sì pe orúkọ tí mo gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì rí. Oríkì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ mọ bí oríkì ti rí. Kì í ṣe ohun tí ọmọ ń pe bàbá tàbí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́. Láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jù wá lọ ni ó ti ń wá. Bàbá pè mí, ìyá pè mí, ìyàwó mi náà a sì máa pè é nígbà tí ó bá fẹ́ kí n gbàgbé ìbínú. Bí àwọn tí ó ń pè é ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣọ̀wọ́n, títí ó fi ku ẹnu kan ṣoṣo, ẹnu ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ni wọ́n ń gbé ní Alábàtà. Mo máa ń lọ kí wọn lọ́jọ́ Sátidé. Ní Sátidé kan, mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ dé ibi tí orúnkún mi gbà mí láyè dé, mo wá ń dúró de oríkì mi. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ dìde, sà. Àgbàlagbà bíi tiyín kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ta ni ẹ ń wá?"

"Ìyá, àbúrò yín nìyí," ni ọmọ wọn sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Aké ni."

"Àbúrò mi?" Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Àbúrò mi wo ló darúgbó báyìí? Ẹ wo irun orí wọn! Ẹ bá wọn wá omi tútù o, oòrùn ti pa wọ́n."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n "ẹ" tí wọ́n pè mí yẹn bá mi délé. Ẹni tí ó fọ ìdí fún ènìyàn ní kékeré kì í pe onítọ̀hún ní "ẹ". Bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀, ó ti sọ ọ́ di àlejò nìyẹn.

Nígbà tí ọmọ wọn sìn mí dé ẹnu géètì, ó ní, "Bàbá Aké, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Tí ẹ bá bi wọ́n ní oúnjẹ tí wọ́n jẹ láàárọ̀, wọn ò mọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan àtijọ́ wà lórí wọn dáadáa. Bàbá Àgbà ni wọ́n ń retí. Lójoojúmọ́ ni wọ́n máa ń ní kí n gbé àga síta, pé bàbá àwọn ń ti Bọ́mà bọ̀."

Mo gbé e rò nínú ọkọ̀ láti Alábàtà títí dé ilé mi ní Aké. Wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi kí bàbá wa tó lọ sí ogun àgbáyé kejì ní Bọ́mà, lókè òkun. Wọ́n bí èmi lẹ́yìn tí wọ́n dé, tí ara wọn sì ti balẹ̀. Níbi tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí báyìí, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà, wọn kò tíì bí mi. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pè mí? Mo wá rò ó bí mo ti máa ń ro ìṣirò: bí Bàbá bá lè ti inú igbó Bọ́mà jáde lójú wọn, tí wọ́n rí i pé Bàbá ti dé, bóyá wọ́n á lè rìn síwájú díẹ̀, bóyá wọ́n á dé ọdún tí wọ́n bí mi. Èrò àgbàlagbà tí ó dá nìkan wà ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé páálí sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Àwọn sójà inú rẹ̀ kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ, wọn kò sì tíì di ènìyàn. Orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, ìbọn lọ́tọ̀, gbogbo rẹ̀ so mọ́ ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí èso ṣe ń so. Ènìyàn ni yóò fi abẹ gé wọn, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi ọ̀dà kùn wọ́n. Bí gọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, ojú á yọ́. Mo ba sójà méjì jẹ́ kí n tó mọ̀ pé orí igi ìtayín ni ó yẹ kí n máa fi mú gọ́ọ̀mù.

Ilẹ̀ igbó ni mo kọ́kọ́ ṣe, mo sì ṣe é bí a ti máa ń ṣe òkè àti àfonífojì fún ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní ilé-ìwé nígbà tí mo ń ṣe tíṣà: mo ya ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi táàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbóná pò ó, mo mọ ọ́n sórí pákó. Ó rẹwà. Mo gbé e sójú fèrèsé kí ó gbẹ, mo lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èkúté ti jẹ òkè náà dé ìdajì, eèrà sì ń ru ìyókù lọ lórí ìlà gígùn kan láti tábìlì dé ẹsẹ̀ ògiri. Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Ní ilé-ìwé, ogójì ọmọ ni ó wà nínú kíláàsì. Kò sí èkúté tí ó jẹ́ súnmọ́ ibẹ̀. N kò rò ó pé ilé tí kò sí ariwo, ti èkúté ni. Gọ́ọ̀mù káfíńtà ni mo fi ṣe òkè kejì.

Ohun tí Bàbá sọ fún mi nípa igbó Bọ́mà kò tó nǹkan. Wọ́n sọ pé òjò ibẹ̀ kì í dá. Wọ́n sọ pé òkè lórí òkè ni, ẹrẹ̀ sì ń mu ẹsẹ̀ dé orúnkún. Wọ́n sì sọ pé oparun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á máa ké bí ilẹ̀kùn tí kò ní òróró. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbin oparun sí àgbàlá wa títí tí wọ́n fi kú.

Ohun kan tún wà tí mo rántí, ọrùn wọn. Bí ènìyàn bá kí Bàbá láti ẹ̀gbẹ́, wọn kì í yí ọrùn, gbogbo ara ni wọ́n ń yí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yí kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo ilé gbà pé ìró ìbọn ńlá ni ó sọ ọrùn náà di líle. Ayìnbọn ni bàbá wa. Àwa Ẹ̀gbá, ogun ni ó lé wa dé abẹ́ àpáta. Ẹni tí ó bá ti ojú ogun dé, ìbọn rẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ìjọ wa fi ń rántí àwọn tí ó lọ sógun, wọ́n á ní kí Bàbá dìde, àlùfáà á ní, "Ẹ wo ayìnbọn Ọlọ́run," ìjọ á pàtẹ́wọ́, Bàbá á dúró ṣinṣin, wọ́n á tún jókòó. Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà pé ìbọn bàbá mi wà lára ohun tí ó parí ogun àgbáyé.

Ìgbálẹ̀ ni mo fi ṣe oparun. Mo gé ẹyọ ìgbálẹ̀ sí gígùn àti kúkúrú, mo fi òwú dúdú so oríkèé sí i lára, mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, mo wá ń gún un mọ́ òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí kò ṣeé kánjú ṣe ni. Mo máa ń jí, mo máa ń gbàdúrà, mo máa ń jẹ búrẹ́dì mi ní kíṣìnnì, mo máa ń wá gbin oparun títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ̀rọ̀, tí mo máa ń gbójú sókè, kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Aládùúgbò mi kan, Alhaja tí ó ń ta àdìrẹ ní òdìkejì òpópó, ni ó kọ́kọ́ rí igbó náà. Ó wá gba omi kànga. Ó yọjú wọ pálọ̀.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbálẹ̀ odidi lẹ gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí?"

"Igbó ni mo ń ṣe, Alhaja."

"Mo rí i. Ilé tí kò bá sí obìnrin nìkan ni wọ́n ti ń fi ìgbálẹ̀ dá igbó. Mo ti sọ fún yín, àbúrò ìyá mi kan wà ní Owódé, opó ni, ó mọ ọbẹ̀ sè."

"Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní mo ní igbó láti gbin."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá tẹ̀ bá tábìlì, ó wo igbó náà bí ó ti máa ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn pa láró. "Ewé yín yìí, àwọ̀ kan ṣoṣo ni. Ta ló rí igbó aláwọ̀ kan rí? Ẹ jẹ́ n wá ìsàlẹ̀ ìkòkò aró mi fún yín." Ó sì fi ìka tọ́ àwọn sójà tí mo ti kùn tán. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Sójà ni wọ́n, wọ́n ń jagun."

"Mo mọ̀ pé wọ́n ń jagun. Ẹni tó ń jagun kì í jẹun ni? Ẹrù wọn dà?"

Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù, pé ogun òde òní kì í ṣe bí ti àwọn baba ńlá wa. Mọ́tò ni ó ń kó oúnjẹ àti ọta lọ bá àwọn sójà.

"Mọ́tò?" Ó tún wo òkè, ó wo ẹrẹ̀, ó wo oparun tí mo gún dí ara wọn. "Ó gba ibo?"

Mo sọ fún un pé omi rẹ̀ ti kún.

Lóòótọ́, aró tí ó fún mi sọ igbó náà di igbó. Mo fi kànrìnkàn ìbílẹ̀ ṣe ìtàkùn, mo ha koríko kéékèèké tí ó máa ń hù lára àpáta lẹ́yìn ilé mi, mo sá a gbẹ, mo fi bo ilẹ̀. Fáníìṣì ni mo dà sí àfonífojì láti fi ṣe odò. Nígbà tí ó gbẹ, mo rí ojú mi nínú rẹ̀, ó kéré.

Bàbá ni mo ṣe kẹ́yìn. Sójà tí ó ga jù ni mo yàn fún wọn. Ojú àwọn sójà náà jẹ́ ti òyìnbó, imú wọn tẹ́ẹ́rẹ́, n kò sì lè tún imú ṣe. Ṣùgbọ́n mo po ọ̀dà dúdú mọ́ pupa títí mo fi rí àwọ̀ bàbá mi, mo wọ awò ojú mi, mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kọ ilà sí wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo fi ìbọn sí wọn lọ́wọ́. Mo gbé wọn síwájú gbogbo àwọn yòókù, lójú ọ̀nà tí ó jáde kúrò nínú oparun, kí ẹ̀gbọ́n mi má baà wá wọn kiri.

Mo háyà takisí lọ sí Alábàtà. Èmi àti igbó ni a jókòó sẹ́yìn, mo fi aṣọ ìbora bò ó. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lábẹ́ aṣọ yẹn?"

"Igbó ni."

Ó tẹ bíréèkì. "Igbó! Bàbá, pẹ̀lú ewú orí yín? Ọlọ́pàá wà níwájú o!"

"Igbó tí ẹyẹ ń gbé ni mo wí, ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu." Mo ṣí aṣọ díẹ̀ fún un. Ó yíjú sẹ́yìn wò ó pẹ́, ó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo kòtò ni ó rọra ń gbà, bí ẹni tí ó gbé aláboyún.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga wọn níta, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Wọ́n kí mi, "Ẹ káàbọ̀, sà." Mo gbé igbó náà sórí tábìlì kékeré níwájú wọn, mo ṣí aṣọ kúrò. Ọmọ wọn gbé tíì wá, ó dúró pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka kan, wọ́n fi kan orí àwọn igi náà, ó mì.

"Oparun," wọ́n ní.

"Bọ́mà ni, mà. Ẹ wo Bàbá. Wọ́n ti ń jáde bọ̀."

"Èwo ni Bàbá?"

"Èyí tí ó wà níwájú, tí ó gbé ìbọn."

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n wo ilà rẹ̀. Wọ́n mi orí. "Ìyẹn kọ́."

"Bàbá ni, mà. Ẹ wo ilà."

"Sà, mo ní kì í ṣe Bàbá. Bàbá mi kò gbé ìbọn. Ẹrù ni wọ́n rù."

Mo la ẹnu láti tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Iṣẹ́ tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe kúkú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lọ, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

"Àpótí ọta ni. Wọ́n ń rù ú gun òkè, wọ́n ń rù ú sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń sọdá odò. Kò sí ọ̀nà tí mọ́tò gbà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ Bàbá ṣubú, wọ́n gbé ẹrù tirẹ̀ lé ti Bàbá lórí. Bàbá ní òṣùká àwọn jẹrà sórí àwọn, òjò ò jẹ́ kó gbẹ. Lálaalẹ́ ni wọ́n máa ń ní kí n wá fi òrí pa ọrùn fáwọn. Ó le bí igi. Wọ́n ní, 'Má sọ fún wọn níta o, ọmọ mi. Wọ́n fẹ́ ayìnbọn.'" Wọ́n gbójú sókè wò mí, ó jọ pé inú bí wọn díẹ̀. "Òṣùká wọn dà?"

Ọrùn náà padà wá sójú mi. Mo rí Bàbá tí wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn kò lè yí wo ẹni tí ó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn. Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ yìí wà láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi sì pa á mọ́ bí Bàbá ti ní kí wọ́n pa á mọ́, títí tí ohun tí ó ń ti ilẹ̀kùn fi bàjẹ́ nínú orí wọn.

Mo ti mú abẹ àti gọ́ọ̀mù dání, nítorí ohun tí ó bá lè já lójú ọ̀nà. Mo fà sójà náà tu. Mo gé ìbọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gé apá méjèèjì ní èjìká, mo yí wọn sókè, mo tún un lẹ̀. Ó wá dúró báyìí, ọwọ́ òfo lókè orí, bí ẹni tí ó ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ọ̀tá. N kò fẹ́ràn bí ó ti rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fa okùn òwú kan yọ létí ìró wọn. Wọn kò wo ọwọ́ ara wọn rárá. Wọ́n ká a mọ́ ìka, wọ́n fi ìyókù rẹ̀ lọ́ ọ yí po, wọ́n tẹ orí rẹ̀ bọ inú, ó di òṣùká tí kò tó ẹ̀wà kan. Ọwọ́ tí kò mọ ìgbà tí ó jẹun láàárọ̀, ó mọ bí a ti ń ká òṣùká. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sórí Bàbá. Ọmọ wọn mú ṣúgà onígun kan lórí tíréè tíì, ó nà án sí mi. Ó bá a mu wẹ́kú. Mo gbé e ka orí òṣùká, láàárín ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Bàbá nìyẹn. Wọ́n ti lè máa bọ̀ wálé báyìí."

Wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Ojú wọn kúrò lójú ọ̀nà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Bàbá ṣe dé, bí ìyá wa ṣe da omi sí wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọ tí ìyá bí lẹ́yìn náà. Wọ́n ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti tẹ̀lé ara wọn, mo sì ń kà wọ́n nínú, mo ń retí, bí ọmọ ilé-ìwé tí olùkọ́ ń pe orúkọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ìkẹyìn wọn ni èmi pọ̀n," wọ́n ní. Wọ́n sì pe oríkì mi.

Wọ́n pè é bí wọ́n ti máa ń pè é, wọ́n fa ìparí rẹ̀ gùn, bí ẹni tí ó ń pe ọmọ wálé láti ìdí odò.

Mo ní, "Mà?"

"Mo ní ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, sà? Aké ló ń gbé. Tíṣà ni. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé kò sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ènìyàn tí kì í tún ṣe, àní èmi tí mo pọ̀n ọ́n."

Ọmọ wọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wò ó, ó dákẹ́.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà," mo ní.

"Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Ara rẹ̀ le."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, ó gba inú ìgbálẹ̀ mi kọjá, n kò sì gbọ́ kí ó ké.

"Ẹ bá mi kí i," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, nígbà tí wọ́n ti dúró tó. "Ẹ ní Bàbá ti dé. Ẹ ní mo pè é."

"N óò jíṣẹ́, mà."

N kò lè gbé igbó náà padà. Ẹ̀gbọ́n mi ní Bàbá kò tún gbọdọ̀ wọ mọ́tò lónìí, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ọmọ wọn ní òun yóò máa pààrọ̀ ṣúgà tí eèrà bá ti jẹ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n dìde, pé àgbàlagbà bíi tèmi kì í dọ̀bálẹ̀ fún àwọn. Mo wọ bọ́ọ̀sì padà, ìbọn ike náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi, ó ń gún mi láyà.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn. Tábìlì ti ṣófo. Ibi tí igbó náà jókòó sí mọ́, eruku yí i ká. Mo bu oúnjẹ mi ní kíṣìnnì, ẹ̀bà díẹ̀ tí ó kù lánàá, mo gbé e wá síbẹ̀, mo jókòó sí igun tí èmi àti ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Kí n tó fọwọ́ bọ̀ ọ́, mo rántí pé wọ́n rán mi níṣẹ́, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í sì í jẹun kí ó tó jíṣẹ́ tí àgbà rán an.

Mo pe oríkì ara mi, mo gbé e jáde, bí ó ti yẹ kí a gbé e jáde. Kò dún bí ó ti dún ní Alábàtà. Ẹnu ẹni kọ́ ni a fi ń pè é. Ṣùgbọ́n mo pè é dé ìparí. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ kí ọ. Mo ní Bàbá ti dé. Mo dáhùn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.